Ọwọ́ Tí Ojú Ń Rí

"Tí ẹ bá fi lè fọwọ́ sí ìwé ìjà yẹn lónìí, kí ẹ tó padà dé, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ pé ojú òsì yín ti fọ́!"

"Pariwo sí i. Àwọn ará òdìkejì odò ò tíì gbọ́."

"N ó pariwo! Àbí kí n dákẹ́ títí ẹ ó fi máa fọwọ́ tá ògiri kiri?"

"Ìwọ obìnrin yìí, mo ní kí o fa ohùn rẹ wálẹ̀!"

Ohùn tí wọ́n ní kó wálẹ̀ gun òrùlé. Aránṣọ niṣẹ́ obìnrin náà, Aránṣọ náà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bá jà yìí, tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ọkọ rẹ̀ ni: Àpáta, akànṣẹ́ tí bẹ́líìtì ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú agbo ìjà, àpáta ni lóòótọ́. Nínú ilé, ọkùnrin kan ni tó ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, tó ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé eré ló ń ṣe.

Eré kọ́. Dókítà ojú ti sọ ọ́ fún tọkọtaya, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: "Ti òsì ti lọ, ẹ má retí ẹ̀ mọ́. Ti ọ̀tún tó kù, awọ inú rẹ̀ ti ń ya bí aṣọ gbó. Ẹ̀ṣẹ́ kan tó bá bà á dáadáa, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn, kò sì ní mọ́ mọ́." Ọ̀rọ̀ aṣọ gbó yìí ló wọ Aránṣọ lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí lẹ fẹ́ sọ fún aránṣọ nípa aṣọ gbó? Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó tún un ṣe gan-an ló ń fà á ya.

"Dókítà àwọn oníjà yẹ̀ mí wò," ni Àpáta wí. "Ó ní ojú mi dára."

"Èyí tẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́! Ó ní kẹ́ ẹ fọwọ́ bo ojú kan, ẹ bo òsì. Ó ní kẹ́ ẹ bo ìkejì, ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ tún fi bo òsì kan náà! Nínú ẹ̀yin méjèèjì, dókítà yẹn lafọ́jú!"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Àpáta, ó gbé e mì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Gbọ́. Ká ní ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá, n bá ti kọ̀. Àbúrò mi ni. Nínú gbogbo akànṣẹ́ tó ń rìn lórí ilẹ̀, òun nìkan ni mo ṣì lè bá jà. Jẹ́ n ja ọ̀kan yìí, kí n fọwọ́ ara mi gbé bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀, kó má jẹ́ pé wọ́n já a gbà lára mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán."

Aránṣọ rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, pé ọmọ ìyá kì í fi gbogbo ara lu ọmọ ìyá. Ó pòṣé. "Ọmọ ìyá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò jọ jẹun mọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò lẹ́yìn yín! Ṣé òsì ẹ̀ yẹn mọ̀ yín ní ẹ̀gbọ́n ni?"

Àpáta yí ẹ̀yìn sí i. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Èjìká òsì rẹ̀ gbá férémù.

*

Òsì yẹn. Òun ni Aránṣọ ń rí bó bá dijú, òun náà ló ń rí bó bá là á.

Akànṣẹ́ tó pọ̀ jù, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ń tì síwájú. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ikú, á sápamọ́ sẹ́yìn bí ejò lábẹ́ ìtí igi. Ti àbúrò ọkọ rẹ̀ dorí kodò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tì síwájú, òsì ló ń tọ́jú sẹ́yìn, òsì náà ló sì fi ń tẹ́ àwọn èèyàn sùn. Ọwọ́-Òsì ni wọ́n sọ ọ́. Aránṣọ ti fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin gìrìwò kan tó gba òsì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun, tó sì ń béèrè ìyá rẹ̀. Bí èèyàn méjì bá sì kọjú síra wọn, òsì ẹnìkan, ọ̀tún ẹnìkejì ló ń wò. Òsì yẹn, ojú ọ̀tún ọkọ òun ló dojú kọ. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀, ó da ìborùn borí, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà kọjá, ó kan ilẹ̀kùn baba kan tó ń to eegun. Atoegun ni wọ́n ń pè é, gbogbo akànṣẹ́ ló sì mọ̀nà ibẹ̀, torí kò sí ìka tó ṣẹ́ tí baba náà ò lè tò. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé lójú ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, á máa tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹyẹ náà bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, lọ́jọ́ náà ni aláìsàn á dìde. Apẹ̀rẹ̀ ẹyẹlé tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, ojú wọn ń dán nínú òkùnkùn bíi bọ́tìnnì.

"Jókòó, ọmọ mi. Kí ló ṣẹ́?"

"Kò sóhun tó ṣẹ́, baba. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣẹ́ nǹkan ni."

Ọ̀bẹ tí baba fi ń fá igi dúró. Nínú gbogbo apẹ̀rẹ̀ yẹn, kò sí ẹyẹlé kan tó tún ké.

"Àwọn kan ti jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn rí," ó wí, "wọ́n sọ ohun tó o sọ yẹn gan-an. Gbogbo wọn ló padà wá sunkún."

"Ẹkún ni mo sun dé ibí, baba. Èmi ti san tèmi sílẹ̀."

"Ta ni?"

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ègé aṣọ kan jáde: ìdí ṣòkòtò ìjà Ọwọ́-Òsì ni, èyí tó gé kúrò nígbà tó ń bá a tún un ṣe. Àágùn ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó le gbagidi.

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì."

"Ó dá ọ lójú? Ọwọ́ tí a bá so kì í gbọ́ 'mo ṣì í ṣe'."

"Baba, ẹ jáde síta kẹ́ ẹ béèrè. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn!"

Baba náà gbé ẹyẹlé kan jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Fi òsì rẹ di apá òsì rẹ̀ mú. Má tú u sílẹ̀." Ẹyẹ náà gbóná, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ ìka Aránṣọ. Baba fẹnu kan orí rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí Aránṣọ ò gbọ́, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ò gbọ́. Nǹkan kan ró, kẹ́. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sínú aṣọ. Ẹyẹ náà ò ké. Baba fi ègé aṣọ yẹn we apá náà mọ́ ara, ó ta okùn sí i ní kókó.

"Ọwọ́ tó dì í mú nìkan ló lè tú u," ó wí. "Má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe ọwọ́ yẹn."

*

"Ìyàwó! Ìyàwó wa! Ẹ wo ẹni tó ń wọlé ọ̀tá ọkọ ẹ̀!"

Ọwọ́-Òsì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpò iyanrìn tí wọ́n ń lù. Ilé ẹ̀ṣẹ́ náà ń rùn àágùn àti awọ ìbọ̀wọ́ tó ti gbó. Báńdéèjì ọwọ́ tí wọ́n fọ̀ rọ̀ lórí okùn bí ìfun. Aránṣọ gbé ṣòkòtò tuntun tó rán dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán ọ ni, àbí o ti fẹ́ ṣí wá sọ́dọ̀ akọni?"

"Ọkọ mi kékeré, ẹ gba ṣòkòtò yín kí n ráyè lọ. Akọni tí ò lè fúnra ẹ̀ rán ìdí ṣòkòtò!"

Gbogbo ilé ẹ̀ṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Òsì náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe na òsì láti gbà á. Ṣòkòtò bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó tún bọ́. Ẹ̀rín yẹn kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń pa iná yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kọjú sí àpò iyanrìn, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ju òsì tí ìlú ń bẹ̀rù. Ọwọ́ náà kan àpò bí ọwọ́ ọmọ tó ń wá ọmú.

"Mi ò mọ nǹkan tó ń ṣe mí," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n rán mọ́ mi léjìká."

Rán! Aránṣọ gbé ojú kúrò lára èjìká náà.

Ìyá àgbàlagbà kan dìde láti igun. Ìyá Olóróro ni, òun ló ń fi òróró ra gbogbo oníjà ilé ẹ̀ṣẹ́ náà kí wọ́n tó gun orí pákó. Ó gbé apá tó ń rọ̀ dirodiro náà, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Ọwọ́-Òsì kọ́ ló wò. Aránṣọ ló wò.

"Ìwọ lo rán ṣòkòtò yìí?"

"Èmi ni, màmá."

"Ó fún un nídìí. A ó fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o bá wa tú u."

Aránṣọ rìn padà sílé. Ayọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ dùn bí adùn ẹran jíjí: èèyàn ń jẹ ẹ́, èèyàn ń wẹ̀yìn.

*

Ṣòkòtò náà padà dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n gbé e ka orí maṣíìnì rẹ̀ nígbà tó lọ pọnmi. Kò bá ẹni tó gbé e wá. Ó jókòó, ó tú ìdí rẹ̀ pẹ̀lú bíléèdì bó ṣe máa ń ṣe, fọ́nrán lẹ́yìn fọ́nrán, òsì rẹ̀ ń di aṣọ mú, ọ̀tún ń gé. Ibi tó tú dé àárín ni òórùn kan ti jáde. Òróró ni, ṣùgbọ́n òróró tó tutù. Ìka rẹ̀ kàn án nínú ojú ìránṣọ, ó rin, ó ń yọ̀.

Ó fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Ó fi ọṣẹ, ó fi iyanrìn. Ó padà sídìí iṣẹ́, torí àwọn oníbàárà ò mọ̀ pé ayé ń bàjẹ́. Ó ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ maṣíìnì, ó sì ń ronú nípa ojú ọkọ rẹ̀. Pupa tó rí lórí aṣọ funfun náà, ó kọ́kọ́ rò pé òwú ló pa àwọ̀ dà. Abẹ́rẹ́ ti gun ìka ìlábẹ̀ òsì rẹ̀ wọlé, ó ti jáde lódìkejì, ó ti tún wọlé. Maṣíìnì ti rán ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ oníbàárà.

Kò dùn ún.

Ìyẹn ló mú un kígbe. Kì í ṣe ìrora. Àìsí ìrora ni.

*

Àpáta wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó gbé orí lé ọwọ́. Aránṣọ ti fi ìborùn we òsì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Wọ́n ní òsì àbúrò mi ti kú," ni Àpáta wí.

"Ẹ dúpẹ́ nígbà náà! Kí lẹ wá gbé orí lé ọwọ́ sí? Ọ̀tá yín kú, ẹ ń ṣọ̀fọ̀!"

"O ò mọ ohun tó ò ń sọ." Ó dìde fùú, ó kọjú sí i, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bíi ti àbúrò rẹ̀, ó na òsì. "Wò ó. Ibo ló ti ń bọ̀? Ọ̀dọ̀ ojú mi tó ń ríran! Láti èjìká ni mo ti ń rí i, mo lè yẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbéra. Àwọn akànṣẹ́ yòókù ńkọ́?" Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀, ó na ọ̀tún. "Ọ̀tún ni wọ́n fi ń pani, ibi tí mo ti fọ́jú ni ọ̀tún sì ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ pé òun nìkan ni mo lè bá jà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan lojú mi ń rí!"

Ilẹ̀ yí mọ́ Aránṣọ lẹ́sẹ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀tún tiẹ̀ wá lè pa eṣinṣin ni? Ẹni tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì látinú..."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni?"

 Ìgbà tí wọ́n gbé Aránṣọ níyàwó wọ ilé náà, Ọwọ́-Òsì ti ń jẹ́ Ọwọ́-Òsì. Kò béèrè rí. Ta ló ń béèrè bí odò ṣe gba ibi tó gbà?

"Ọ̀tún ló fi wáyé," ni Àpáta wí. "Ọ̀tún ló fi ń jẹun dòní. Akànṣẹ́ ọlọ́wọ́ òsì kan ni mo fẹ́ bá jà nígbà yẹn, mi ò rẹ́ni fi dánra wò. Mo mú àbúrò mi, mo yí ẹsẹ̀ ẹ̀ padà, mo so ọ̀tún ẹ̀ mọ́ ìgbànú kó má baà máa nà án. Mo sọ ọ́ di dígí tí mò ń wò. Ó wá mọ́ ọn lára, ó lókìkí nídìí ẹ̀. Bí òsì yẹn bá wá kú, níbo lo rò pé agbára inú ẹ̀ ń lọ? Ilé ẹ̀ ló ń padà lọ!"

"Ẹ má jà mọ́." Ó wólẹ̀, ó fi ọ̀tún nìkan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ sọ pé inú ń run yín. Ẹ sọ ohunkóhun!"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ọ̀tá mi ń ṣàìsàn, ni mo bá sá?" Ó wo ìborùn náà. "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

*

Kò mọ bó ṣe dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù táyà. Atoegun ò bi í léèrè. Ó gbé ẹyẹlé yẹn kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ bá mi tú u, baba."

"Mo ti sọ fún ọ, ọwọ́ tó dì í mú."

Ó fi ọ̀tún gbé òsì rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà. Ó fi ọ̀tún ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kókó. Ó ní kí wọ́n fà. Wọn ò fà. Ó fi eyín bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Bí ẹní ń jẹ igi ni. Àágùn ń kán lórí ẹyẹ náà. Baba náà ń wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn láti ọ̀ọ́kán.

"Ẹnìkan ti tilẹ̀kùn láti inú," ó wí. "Ìwọ tì í láti ìta. Ta ló máa jáde, ta ló máa wọlé?"

"Ẹ ṣàánú mi! Ẹ fi ọ̀bẹ gé e!"

"Bí irin bá kan okùn yẹn, ọwọ́ ẹni tí a so mọ́ ọn á jẹrà."

Ó sì dà bí ẹni pé òsì rẹ̀ gbọ́. Ìka ìlábẹ̀ tí abẹ́rẹ́ gún ta pàkà. Ọkàn Aránṣọ fò. Ìka kejì ta. Ọwọ́ náà ń jí! Ó ń rọra ṣí, ó ń rọra rákò lórí ẹyẹ náà, ó kọjá kókó, ó kọjá apá, òun kọ́ ló rán an. Ó pa dé mọ́ ọrùn ẹyẹlé. Aránṣọ fi ọ̀tún fà á, ó fi eékún tẹ̀ ẹ́, ó ń kígbe pé kò fẹ́, kò fẹ́. Ọwọ́ tí ò lè tú okùn, ó lè fún ọrùn.

Nígbà tó ṣí, ó tún kú padà. Ẹyẹ náà pẹ̀lú.

Gbogbo apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ń ké pọ̀.

*

Ó bá Ọwọ́-Òsì nínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìjà. Bàtà ìjà rọ̀ sórí ìṣó, kẹ́tùlù ń hó lórí sítóòfù, Ìyá Olóróro jókòó sórí àpótí, ó ń ra èjìká ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀tún.

"Ìyàwó," ni Ọwọ́-Òsì wí. Kò sí eré nínú rẹ̀. "O tún ti mú ṣòkòtò wá?"

"Ọkọ mi kékeré, ẹ má yí ẹsẹ̀ padà lónìí. Ẹ dúró bẹ́ ẹ ṣe máa ń dúró. Ẹ fi òsì jà."

"Òsì wo? Èyí tó o so?"

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ pátápátá. Kí ló kù tí kò tíì tà? Ẹ̀rù ni, ó ti ń bà á. Ìtìjú ni, ó ti gbé e jẹ. Àṣírí ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Ó sọ ọ́. Ó ní ojú òsì ẹ̀gbọ́n wọn ti fọ́ pátá, pé ti ọ̀tún ló kù, pé ẹ̀ṣẹ́ kan á mú un lọ. Ó ní ọ̀tún tó bá ti ibi òkùnkùn wá, kò ní rí i rárá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ara rẹ̀, ó sì ń rí i pé òun ń ya àwòrán ọ̀nà fún olè. Kò lè dá ẹnu dúró mọ́.

Ọwọ́ Ìyá Olóróro dúró lórí èjìká.

"Òun ló ní kó o wá sọ fún mi?" ni Ọwọ́-Òsì bi í.

"Kò mọ̀ pé mo wá."

"Ẹni tó so òsì mi ló ń bẹ̀ mí kí n má fi ọ̀tún jà. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá gbà á gbọ́?"

Aránṣọ fi ọ̀tún gbé òsì rẹ̀, ó jù ú sórí tábìlì. Ó ró gbì bí ẹran lórí àtẹ. "Ẹ wò ó. Tèmi náà ti kú. Màmá, ẹ tú tèmi, bóyá màá rí nǹkan ṣe sí tiwọn!"

"Ẹyẹ rẹ ńkọ́?" ni Ìyá Olóróro bi í.

Aránṣọ sorí kọ́. Ìyá náà mi orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra èjìká yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ní kékeré mi," ni Ọwọ́-Òsì wí, "ẹ̀gbọ́n mi so ọ̀tún mi mọ́ ìgbànú. Nígbà tí mo dàgbà tán, aya ẹ̀ wá so òsì. Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, èwo lẹ fẹ́ kí n máa fi jẹun?"

"Ọkọ mi..."

"Máa lọ, ìyàwó. Mo ti gbọ́."

Mo ti gbọ́. Ó gbé gbólóhùn yẹn lọ sílé, ó ń yí i wò síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí kò mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

*

Gbọ̀ngàn ìjà kún dẹ́nu. Aránṣọ jókòó sídìí igun ọkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá omi, òsì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ẹrù àjèjì.

Agogo lù. Ọwọ́-Òsì jáde, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

Ọ̀tún níwájú, òsì lẹ́yìn! Aránṣọ mí sókè. Ó ti gbọ́! Òsì tó ti kú náà rọ̀ sẹ́yìn, ó ń gbé e kiri bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn, ó ń fi ọ̀tún nìkan tọrọ ààyè. Àpáta rí gbogbo rẹ̀. Ó ń yẹ̀, ó ń wọlé, ó ń lù ú níkùn, ó ń lù ú létí. Àwọn èèyàn ń pariwo "Àpáta! Àpáta!" Lẹ́ẹ̀kan, òsì náà fò wá bí àkísà tí afẹ́fẹ́ gbé, Àpáta rí i láti èjìká, ó fi orí yẹ̀ ẹ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abala kan kọjá. Òmíràn kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú àbúrò.

"Ó ku díẹ̀," ni Àpáta wí nígbà tó jókòó sí igun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń wá ìyàwó rẹ̀. Ó ní láti yí orí kí ó tó rí i. "Ṣé o rí i? Mo ń rí i kedere!"

"Mo rí i, olówó orí mi. Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́."

Agogo lù. Àpáta tì í mọ́ okùn, ó lù ú títí eékún rẹ̀ fi kan pákó. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lórí eékún yẹn, láàárín ariwo yẹn, Ọwọ́-Òsì gbójú sókè, ó sì wo Aránṣọ. Ó wò ó pẹ́. Omi wà lójú rẹ̀, tàbí àágùn ni. Ó dìde kí kíkà náà tó parí.

Ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó tì í síwájú.

"Rárá," ni Aránṣọ wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lọ sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún ti bá a lọ, èjìká tí wọ́n fi òróró ra ń dán lábẹ́ iná. Ó dúró bí wọ́n ṣe bí i. Àwọn èèyàn ò tíì mọ ohun tí wọ́n rí. Ariwo wọn ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àpáta dúró, ó ń wá òsì tó ti mọ̀, kò bá a níbi tó ti ń bá a. Àbúrò rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, ó wọnú òkùnkùn ojú òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Táwẹ̀lì funfun, èyí tí wọ́n ń jù wọlé láti dá ìjà dúró, wà létí korobá. Aránṣọ já a gbà pẹ̀lú ọ̀tún, ó jù ú sókè kọjá okùn pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú ara rẹ̀, ó kígbe orúkọ tí òun nìkan ń pe ọkọ rẹ̀. Táwẹ̀lì náà ṣí lófuurufú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń rọra bọ̀. Àpáta yí gbogbo orí rẹ̀ sí òsì láti wá àbúrò rẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada, ọ̀tún àbúrò rẹ̀ sì dé bá a níbẹ̀.